Òfìfo Dà?

Ẹ jẹ́ kí n tètè fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́: mo ti fìdí rẹmi rí nínú ìdánwò bayọ́lọ́jì. Èmi yìí náà, tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní bayọ́lọ́jì lónìí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bí mo bá sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, wọ́n á ní mo kàn fẹ́ fi tù wọ́n nínú ni. Ta ló ráyè ìyẹn? Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni mo ń sọ, ìyá mi sì wà láàyè tó lè jẹ́rìí sí i.

Ẹlẹ́rìndòdò ni ìyá mi ń tà, onígò. Nígbà tí gbogbo ayé ti yí sí oníke tí wọ́n ń mu tí wọ́n sì ń jù sí gọ́tà, ìyá mi kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ohun tó wà nínú ike kì í tutù dé ọ̀fun. Òfin ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò sì ju ẹyọ kan lọ: ìgò kan kì í jáde kí òfìfo kan má wọlé dípò rẹ̀. Bí o kò bá mú òfìfo wá, jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù, mu ún tán níbẹ̀, kí o dá ìgò padà. Lèmọ́mù àdúgbò wa fúnra rẹ̀ ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn rí pẹ̀lú láwàní lórí, nítorí pé ó gbàgbé òfìfo sílé. Ìyá mi bọ̀wọ̀ fún un gidigidi, ó fi aṣọ nu bẹ́ǹṣì fún un, ṣùgbọ́n kò fún un ní ìgò gbé lọ.

Ó nídìí tó fi le bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ńlá tó ń kó ọjà wá fún un lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti lọ́jọ́ Jímọ̀ kì í gbé kéréètì tó kún sílẹ̀ láìgbé kéréètì òfìfo. Iye òfìfo tí o bá ní, iye ẹ̀kún tí wàá gbà nìyẹn. Awakọ̀ náà jẹ́ ọkùnrin gìrìwò kan tí kì í kí èèyàn kó tó bèèrè ọ̀rọ̀. Bó bá ti yọ orí lójú fèrèsé ọkọ̀, ohun tó máa ń wí ni, "Òfìfo dà?"

Ọdún tí mo ń wí yìí, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bímọ sí Ìjẹ̀bú-Imùṣin, ìyá mi sì gbọ́dọ̀ lọ wẹ ọmọ tuntun fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sí ẹlòmíràn tí ó lè fi ṣọ́ọ̀bù lé lọ́wọ́ àfi èmi tí mo ti ń jókòó nílé láti ìgbà tí èsì ìdánwò ti jáde. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ ọ́ fún mi pé ìwé ò fẹ́ mi, kí n wá bá òun tajà, kí á jọ máa ṣe é. Èmi náà ò sì yéé bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan péré. Ní àárọ̀ Sátidé tó ń lọ, ó so gèlè rẹ̀ tán, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

Ó ní, "Tí mo bá dé tí mo bá ṣọ́ọ̀bù yìí láàyè, wàá tún ìdánwò rẹ ṣe. Tí mo bá bá òkú rẹ̀, kí á má tún sọ̀rọ̀ ìwé mọ́ nínú ilé yìí."

Mo ní ó dáa, màámi. Mi ò bi í bí ṣọ́ọ̀bù ṣe ń wà láàyè. Lójú tèmi, ta ni kò mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù tó bá kún dé òrùlé ló wà láàyè?

Ibí yìí ló yẹ kí n ti dárúkọ àṣìṣe mi, nítorí àṣìṣe kan náà ni mo ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Nínú ìwé bayọ́lọ́jì tí mo kà sórí, wọ́n kọ ọ́ pé àwọn ẹyọ kéékèèké tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì ni a fi mọ gbogbo ohun ẹlẹ́mìí, àti pé ohun kan wà tó ń jẹ́ ATP tó jẹ́ owó tí sẹ́ẹ̀lì ń ná nígbà tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́: kí iṣan fà, kí ọkàn lù, kí ọpọlọ ronú. Owó kẹ̀! Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ owó. Mo kọ ọ́ sínú ìdánwò tayọ̀tayọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì tó bá gbọ́n a máa kó ATP jọ pelemọ, kì í ná an ní ìnákúnàá, nítorí ọ̀la. Mo fi ojú ìwé kan àbọ̀ ṣe àlàyé ọgbọ́n tí sẹ́ẹ̀lì ń dá láti ṣọ́ ọ. Mo rò pé ẹni tó máa máàkì rẹ̀ á pàtẹ́wọ́ fún mi.

Bàbá Tíṣà ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé mo ti kọ ìkọkúkọ. Tíṣà bayọ́lọ́jì tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ Ìbẹ̀fún, orí bẹ́ǹṣì ìyá mi ló máa ń jókòó sí lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìrun alásàrì, á mu mọ́ọ̀tì ẹyọ kan, á sì kọ́ mi ní ohun tí mo bá ń kà. Nígbà tí mo ka ohun tí mo kọ nínú ìdánwò fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú. Ó ní Ìjẹ̀bú ni mí lóòótọ́. Ó wá fi ìbéèrè kan sílẹ̀ fún mi: kí ló dé tí sẹ́ẹ̀lì kì í kó ATP jọ? Mo ní bóyá kò gbọ́n ni. Ó ní òun á máa dúró dìgbà tí mo bá gbọ́n ju sẹ́ẹ̀lì lọ.

Ìyá mi lọ lọ́jọ́ Sátidé. Nígbà tí ọkọ̀ dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òfìfo pọ̀ nílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni awakọ̀ kó, ó sì gbé ẹ̀kún sílẹ̀. Ni mo bá dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì: kéréètì méjìdínlọ́gbọ̀n tí ìyá mi ní láyé ló kún. N kò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Orí mi wú. Iléyá sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbogbo wa la mọ bí ẹlẹ́rìndòdò ṣe máa ń wọ́n bí Iléyá bá dé tán. Mo ní háà, Ọlọ́hun ló fún mi lọ́gbọ́n yìí. Mo kó gbogbo rẹ̀ wọ yàrá ẹ̀yìn, mo fi tapólì bò ó, mo ti ilẹ̀kùn. Ẹni bá wá rà, mo ní ó ti tán.

Bàbá Tíṣà náà wá lẹ́yìn ìrun. Mo ní mọ́ọ̀tì ti tán, sà. Ó wo ilẹ̀kùn yàrá, ó wo ojú mi, ó ní kí n bu omi fún òun. Omi ló mu ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. Mo mọ̀ pé ó mọ̀. Inú bí mi sí bó ṣe ń mu omi náà pẹ̀lú ìgbádùn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ọkọ̀ dé. Awakọ̀ yọ orí síta, ó ní òfìfo dà? Mo ní kò sí, bọ̀ọ̀dá, gbogbo ìgò wa ti kún. Pẹ̀lú ìgbéraga ni mo sọ ọ́ o. Ó rẹ́rìn-ín, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ Sátidé sí ọjọ́ Ajé, kò sí ẹni tó tún dúró ní bẹ́ǹṣì wa. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn wá láti ọ̀nà jíjìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọdá lọ sọ́dọ̀ oníke ní iwájú, ọmọ rẹ̀ sì ń fi orin ṣe yẹ̀yẹ́ mi. Eruku ti bo bẹ́ǹṣì. Mo ń tu ara mi nínú pé ẹ jẹ́ kí Iléyá dé ná.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì ni ojú mi là. Awakọ̀ ò tilẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ nígbà tí mo ní kò sí òfìfo. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní òun ò lè máa wa ọkọ̀ wá kí ilé tí ò ní òfìfo. Obìnrin kan ń bẹ ní Odógbolú tí òfìfo rẹ̀ ga dé ọrùn, tó sì ti ń bẹ òun láti ọjọ́ yìí pé kí òun máa yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Bí òun bá dé lọ́jọ́ Jímọ̀ tí òun ò bá òfìfo, obìnrin náà ni òun á fi ipò ìyá mi fún. Ọjọ́ Sátidé ni ìyá mi ń bọ̀ láti Imùṣin. Ipò tí ìyá mi ti fi ọdún gbọọrọ dì mú nínú ọkọ̀ yẹn, èmi fẹ́ pàdánù rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, ìdánwò mi náà yóò sì bá a lọ.

Nígbà tí Bàbá Tíṣà dé, ó bá mi lórí bẹ́ǹṣì tí mò ń sunkún bí ọmọ tí wọ́n gba àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo jẹ́wọ́ fún un, mo ṣí ilẹ̀kùn, mo ká tapólì. Ó ní kí n mú mọ́ọ̀tì kan wá, kí n sì wá òfìfo kan. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo rí, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi, èyí tó máa ń rọ omi mímọ́ tí àwọn Àlhájì mú bọ̀ sí.

Ó gbé méjèèjì kalẹ̀. Ó ní èyí tó kún yìí ni ATP, fọ́sífeètì mẹ́ta ló so kọ́ra nídìí rẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ ṣiṣẹ́, yóò já ẹyọ kan kúrò, ibẹ̀ ni agbára ti ń tú jáde. Ó ṣí mọ́ọ̀tì náà, ó ní fììì, ó mu ún, ó sì mí kanlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ni ọkùnrin náà fi mu omi. Ó ní ohun tó ṣẹ́kù, tí fọ́sífeètì rẹ̀ ku méjì, ni ADP. Òfìfo nìyẹn. Sẹ́ẹ̀lì kì í sọ ọ́ nù, kì í sì í ṣe ìdọ̀tí. Nínú sẹ́ẹ̀lì kan náà ni àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké kan wà, mitokọ́ńdíríà, tí wọ́n ń fi oúnjẹ tí a jẹ àti afẹ́fẹ́ tí a mí so fọ́sífeètì kẹta padà sára òfìfo, á sì tún di ẹ̀kún. Ojú àwo làwo fi ń gbọbẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì ò bá ṣiṣẹ́, tí gbogbo rẹ̀ wà ní ẹ̀kún, ilé iṣẹ́ ò rí òfìfo rọ nǹkan sí, yóò sì dẹwọ́.

Èmi náà ò jẹ́ gbà bọ̀rọ̀. Mo ní nígbà náà, ara ò mọ ìpamọ́ rárá? Ó ní ara mọ̀ ọ́n. Ọ̀rá ni gàrí tó wà nínú àpò, òun ló ṣeé tọ́jú di ẹ̀ẹ̀rùn. ATP kì í ṣe gàrí. Èyí tó wà lára mi lásìkò yìí kò lè gbé mi sáré dé ìkòríta kó má tán, ṣùgbọ́n bí a bá ṣírò gbogbo èyí tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ọjọ́ kan, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó èmi fúnra mi. Ìgò kéréje ni, ìrìn wọn ló pọ̀. Ó gbé òfìfo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu tán lé mi lọ́wọ́.

"Ṣọ́ọ̀bù tí gbogbo ìgò rẹ̀ kún tí ò ní òfìfo kan," ó ní, "òkú ni."

Ó yà mí lẹ́nu, nítorí mi ò tíì sọ ọ̀rọ̀ tí ìyá mi bá mi sọ fún un. Mo nu ojú. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù, kéréètì méjìdínlọ́gbọ̀n ló kún, wọ́n sì gbọ́dọ̀ di òfìfo. Mi ò lè dà á sílẹ̀ nítorí ìyẹn ni ìyá mi fi ń jẹun, mi ò sì lè mu ún tán nítorí ikùn kan ni Ọlọ́hun fún mi. Àwọn oníbàárà ti gba ọ̀nà míràn lọ. Bàbá Tíṣà ní bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ò bá wá bá omi, kí omi lọ bá a. Ó rán mi létí pé ìdílé ẹlẹ́ṣin kan ń dán ẹṣin wò lórí pápá ní ìrọ̀lẹ́, nítorí ẹṣin tí wọ́n máa ń gùn lọ kí ọba lẹ́yìn Iléyá.

Mo háyà kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo ra yìnyín, mo kó kéréètì dé pápá. Ẹ̀yin èèyàn mi, oòrùn ń bẹ, ẹṣin ń jó, àwọn ọkùnrin ń fò sókè tí òógùn ń ṣàn lára wọn. Wọ́n ya bo mi. Mo ta bí ẹni pé wọ́n lé mi bọ̀, ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé òfin ìyá mi: iwájú mi ni wọ́n ti ń mu ún tán. Ọkùnrin tó ga jù mí lọ ni mò ń pàṣẹ fún pé ẹ dúró síbẹ̀, ẹ gbé e mì kí ẹ tó rìn. Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè mí ní ìyáàfin òfìfo. Mo ní ẹ pè mí lórúkọ tó wù yín, kí ìgò mi ṣá padà.

Lọ́jọ́ kejì ni ẹlẹ́ṣin kan na ọwọ́ láti orí ẹṣin, ó gba ìgò kan, kó sì tó gbé e dé ẹnu, ẹṣin náà ta gìrì, ó gbéra. Ìgò mi ń lọ! Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo ká ìró mi sókè, mo gbá tẹ̀lé e. Gbogbo pápá dìde, wọ́n ń hó. Mo sáré débi tí itan mi ń jó bí ata, ẹsẹ̀ mi méjèèjì kọ̀ jálẹ̀, mo jókòó sílẹ̀ gbì, mò ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹlẹ́ṣin náà ló padà wá fúnra rẹ̀, ó tẹ̀ba láti orí ẹṣin, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé òfìfo fún mi bí ẹni ń gbé nǹkan fún ọba. Ó ní òun ò rí ẹni tó lé ẹṣin nítorí ìgò rí.

Bàbá Tíṣà, tó ti jókòó sí abẹ́ igi láti wò mí, bi mí pé kí ni mò ń mí hẹlẹ bẹ́ẹ̀ fún. Òun náà ló dá ara rẹ̀ lóhùn. Ó ní òfìfo ti pọ̀ jọ nínú itan mi, ilé iṣẹ́ ò tètè rọ ọ́ kún tó bí mo ṣe ń ná an, nítorí náà ni gbogbo ara ṣe ń pariwo pé kí afẹ́fẹ́ máa bọ̀. Mo jókòó sórí koríko, mo sì gbọ́ ATP yé fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Inú itan mi ni mo ti gbọ́ ọ yé. Láti ọjọ́ náà, kò tún sí ẹni tó lè gba ìmọ̀ yẹn kúrò lọ́wọ́ mi.

Nígbà tó fi di òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, kéréètì méjìdínlọ́gbọ̀n ti wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, òfìfo ni gbogbo wọn, mo tò wọ́n lérí ara wọn. Nínú ṣọ́ọ̀bù, kò sí ẹyọ ìgò kan tó lómi nínú. Mo jókòó, mò ń retí ọkọ̀. Ọ̀kadà kan ló kọ́kọ́ dúró, ìyá mi sì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Ó ní ọmọ tuntun ti tó gbé, òun ò lè dúró di Sátidé.

Ó wo òfìfo tó ga bí ògiri. Ó wọlé, ó ṣí firíìjì, kò sí nǹkan. Ó ṣí yàrá ẹ̀yìn, tapólì nìkan ló wà nílẹ̀.  Mo mọ̀ pé ìdánwò ti lọ. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan bò: tapólì, irọ́ tí mo pa fún oníbàárà, obìnrin Odógbolú, ẹṣin. Mo tún wá ṣàlàyé ATP fún un, ẹnu mi ò dúró, mo ń fi ìgò ṣe àpèjúwe bí wèrè. Ìyá mi ò kàwé. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń gbọ́. Mo ṣì ń sọ ọ́ lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ ńlá dé, tí awakọ̀ yọ orí, tó ní òfìfo dà, tó sì rí ògiri òfìfo níwájú rẹ̀. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó ní Àlhájà, ẹ kú àbọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í já ẹ̀kún sílẹ̀, kéréètì méjìdínlọ́gbọ̀n.

Nígbà tí ọkọ̀ lọ tán, ìyá mi ní ṣọ́ọ̀bù wà láàyè. Mo bú sẹ́kún, mo ń dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò tíì tán lẹ́nu rẹ̀. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Èmi náà fi tapólì bo nǹkan. Kì í ṣe pé ìwé ò fẹ́ ọ. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé bí o bá lọ, èmi nìkan ló kù síbí."

 Mo gbé orí lé itan rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀lé mi lọ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Wọ́n bi wá nípa ATP, mo sì kọ ọ́ bí ẹni ń kọ ìtàn ìdílé rẹ̀. Mo yege, wọ́n gbà mí sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ní ìlú tó jìnnà sí tiwa.

Ní àárọ̀ tí mò ń lọ, ìyá mi sìn mí dé gáréèjì. Nígbà tí mo wọ ọkọ̀ tán, ó na ọwọ́ gba ojú fèrèsé, ó gbé mọ́ọ̀tì onígò kan lé mi lọ́wọ́, ó tutù nini. Mo wò ó. Mi ò mú òfìfo dání, kò sì sí bẹ́ǹṣì nínú ọkọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, èyí nìkan ni ìgò tó jáde ní ṣọ́ọ̀bù yẹn láìsí òfìfo tó wọlé dípò rẹ̀. Ó ní kí n máa mu ún lọ́nà, kí n ṣáà má gbàgbé dá ìgò òun padà.

Orí tábìlì mi ni ìgò náà wà nínú kíláàsì lónìí, òun ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ATP. Mo ti padà sí Ìjẹ̀bú-Òde láti ọjọ́ pípẹ́, n kò sì jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù. Ìyá mi ti dàgbà, ṣùgbọ́n orí bẹ́ǹṣì yẹn náà ló ṣì máa ń jókòó sí. Bí mo bá yà kí i ní ìrọ̀lẹ́, kí eékún mi tó kanlẹ̀, á ti na ọwọ́ sí mi, á ní òfìfo òun dà. Mo máa ń dá a lóhùn pé mo gbàgbé ẹ̀ sí kíláàsì, màá mú un wá lọ́la. Á ní ó dáa, kí n rí i pé mo wá lọ́la.